Ràbá kan ló ṣí lára ilẹ̀kùn mọ́tò, ó di ọ̀rọ̀ òkè òkun

Àǹtí mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ o. A wà lórí fídíò kọ́ọ̀lù, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí mọ́tò tí mò ń gùn ní Kánádà, bí mo ṣe ń yí fóònù káàkiri ni wọ́n rí ràbá dúdú gbọọrọ tó gba àárín ilẹ̀kùn kọjá, ó ti ṣí lápá ẹ̀yìn, ó ń fì bí ìrù ajá. Wọ́n pariwo. "Mọ́tò òyìnbó náà ń jábọ́?" Mo ní ràbá lásán ni mà. Wọ́n ní, "Gbé e sọnù jàre, ra òmíì, ṣebí ẹ̀yin lẹ wà níbi owó." Mo rẹ́rìn-ín, a sọ̀rọ̀ míì, a dágbére, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára mi títí ilẹ̀ fi ṣú, kì í sì í ṣe torí mọ́tò.

Ká ní Nàìjá ni, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń lọ, o máa páàkì, o máa ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nǹkan yìí", kí o tó ṣẹ́jú èèyàn mẹ́ta ti dé, ẹnì kan di iwájú mú, ẹnì kan di ẹ̀yìn mú, ẹni tí iṣẹ́ ò kàn rárá ló ń pàṣẹ, gọ́ọ̀mù dé, ó tán. Mi ò ní parọ́, oòrùn lè yọ́ gọ́ọ̀mù yẹn kí oṣù méjì tó pé, súpàgúlù tí wọ́n sì ń fi lẹ̀ ẹ́ nígbà míì, ṣe ló máa ń gan, tí ilẹ̀kùn bá ti gbá díẹ̀ ó ti sán, ó tún lè ba pẹ́ńtì jẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn wà níbẹ̀.

Níbí, mo kọ́kọ́ pe ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe. Wọ́n ní àwọn kì í lẹ àlòkù padà, kí n ra tuntun, kí n wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì, torí ràbá! Mo ní kò burú, màá ṣe é fúnra mi.

Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀. Kílíìpù ike kọ̀ọ̀kan ló wà lórí méjèèjì, ọ̀kan ti kán, àárín ẹ̀, téèpù fọ́ọ̀mù, èyí tó ń lẹ̀ lójú méjèèjì, ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ látilẹ̀, òun náà ti kú. Òtútù ni mo kà á sí lọ́rùn, torí ike máa ń súnkì ju irin lọ, omi á wọ àárín àwọn méjèèjì, á di yìnyín, á máa tì í síta díẹ̀díẹ̀. Mo wá kílíìpù míì rọ́pò èyí tó kán. Mo fi téèpù bébà tí àwọn apẹ́ńtì máa ń lò sàmì sókè ibi tó yẹ kí ràbá wà, kí n má baà lẹ̀ ẹ́ wọ́. Ibi tó ṣì dì mú, mo fi dírayà irun mú un gbóná, mo wá fi okùn ìpẹja rẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn bí ẹni ń fi ayùn gé igi, ẹ má fi ọ̀bẹ ṣe é o, pẹ́ńtì yín ló máa jìyà ẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́kù, àtàǹpàkò ni mo fi ń yí i títí ó fi ká jọ bí èérí ọrùn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni sípíríìtì àti omi, ìdajì ìdajì, mo fi nù ún, mo jẹ́ kó gbẹ, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́, torí òróró ọwọ́ lásán ò ní jẹ́ kó lẹ̀ dáadáa.

Téèpù fọ́ọ̀mù tuntun tí mo lẹ̀ sẹ́yìn ràbá yẹn wá ní ìwà. Tí ara irin ò bá tó nǹkan bíi 10 dígíríì, kò ní dì mú bó ṣe yẹ, 21 sí 38 ló fẹ́ràn jù. Ooru Nàìjá gan-an! Ooru tí mo fi ń kùn nílé, òun ni mo wá ń fi dírayà wá nínú gáréèjì abẹ́ ilẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Ràbá yẹn gùn díẹ̀ ju mítà kan lọ, téèpù yẹn kì í sì í gbà kéèyàn sún un tó bá ti kan ara irin, tó bá wọ́, ó wọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rin ni. Ọwọ́ méjì ni mo ní. Mo gbé e dání, mo dúró bí ẹni tó gbé ọ̀pá àṣẹ, ni ọkùnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi bá jáde láti inú lífítì, ọdún kẹta rèé tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wa, mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ó mi orí sí mi, èmi náà mi orí, ó wọ mọ́tò ẹ̀, ó lọ. Kì í ṣèèyàn burúkú. Ó ti bá mi di ilẹ̀kùn mú rí nígbà tí ẹrù kún ọwọ́ mi. Ká ní mo sọ pé kó bá mi di orí kan mú, ó ṣeé ṣe kó dì í mú. Ẹnu mi ni kò là, èmi tí mo máa ń pe ẹni tí mi ò mọ̀ rí ní bọ̀ọ̀dá tí màá sì rán an níṣẹ́. Ṣé ìlú yìí ló kọ́ mi ni àbí èmi ni mo kọ́ ara mi, mi ò lè sọ.

Ọgbọ́n tí mo wá dá ni pé mi ò ṣí gbogbo bébà tó wà lẹ́yìn téèpù, mo ká ìwọ̀n ìka méjì sẹ́yìn ní orí kọ̀ọ̀kan, mo jẹ́ kí etí ẹ̀ yọ síta. Mo gbé ràbá sójú àmì, mo fi téèpù bébà so ó mọ́ ilẹ̀kùn níbi mẹ́ta, òun ló wá di èèyàn kejì tó bá mi dì í mú. Mo tẹ orí méjèèjì, mo ń fa bébà tó kù jáde lábẹ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé e. Ó bọ́ sójú ẹ̀ wẹ́kú. Mo yíjú kí n sọ fún ẹnì kan pé ṣé ẹ rí i. Gáréèjì dá páropáro.

Ìṣẹ́jú 20, agbára téèpù yẹn á ti dé ìdajì, wákàtí 24 á gbé e dé nǹkan bíi ìdá 90 nínú 100, wákàtí 72 ló tó pé. Tí mo bá ní mi ò sọ̀ kalẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ tẹ̀ ẹ́ wò, irọ́ ni.

Ẹ má rò pé mò ń ráhùn, ẹni tó bá ní kí n padà sílé torí ìyẹn, mi ò lọ o. Nílé ẹnikẹ́ni ò lè jẹ́ kí n fọwọ́ kan ràbá yẹn débi tí màá fi mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn tí ì bá sì bá mi dì í mú, ṣebí àwọn náà ló ń bi mí lójoojúmọ́ pé báwo làwọn ṣe máa wá. Ohun tí mo wá ṣe níbí ni mò ń ṣe.

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àǹtí mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Mo sọ fún ẹ. Tuntun yàtọ̀."

Mo ní ẹ ṣé mà.