"Ó Kàn Yín, Màmá": Bí Màmá Ìbàdàn Ṣe Tẹ Ìlú Dó sí Máàsì

Nígbà tí màmá mi dé sí ilé wa ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, lóṣù Kọkànlá, ọ̀rọ̀ tó ń jáde láàárín Màmá àti àwọn ọmọ mi kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" lọ. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn ara wọn. Bí àwọn ọmọ bá ti ilé ìwé dé, wọ́n á sáré dì mọ́ Màmá, Màmá á fọwọ́ pa wọ́n lórí, wọ́n á kì wọ́n ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ilé á dákẹ́. Gẹ̀ẹ́sì Màmá kò ju èyí tí wọ́n fi ń ná ọjà lọ. Àwọn ọmọ ní tiwọn, wọ́n ń gbọ́ Yorùbá, wọn kì í sọ ọ́. Bí mo bá fi Yorùbá pè wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi gbà bẹ́ẹ̀.

Òtútù tún wá dá kún un. Lóṣù Kejìlá níbí, ilẹ̀ a ti máa ṣú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún ta àǹkárá àti léèsì ní ọjà Gbági, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ń kí, kí ni yóò fi irú alẹ́ gígùn bẹ́ẹ̀ ṣe? Màmá á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n á máa wo títì. Físà oṣù mẹ́fà ni wọ́n bá wá, mo sì ń ka ọjọ́ tó kù nínú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọmọ mi kejì, ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ló gbé géèmù kan wọlé, èyí tí wọ́n ń ta lórí tábìlì bí ayò. Ó rí i ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù, ó fi owó ọjọ́ ìbí rẹ̀ rà á. Terraforming Mars ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2016 ló jáde. Ará Swídìn kan, Jacob Fryxelius, ló ronú rẹ̀, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ló sì ni iléeṣẹ́ tó gbé e jáde. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé iṣẹ́ ẹbí ni.

Bí wọ́n ṣe ń ta á nìyí. Oníkálukú ni iléeṣẹ́ kan, iṣẹ́ gbogbo wọn sì ni kí Máàsì, ayé mìíràn tó wà lójú ọ̀run, di ibi tí èèyàn lè gbé. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé kí eré tó parí: kí ooru ilẹ̀ náà kúrò ní 30 nísàlẹ̀ òdo, kó gòkè dé 8 lókè òdo, kí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kúrò ní òdo, kó dé ìdá 14 nínú 100, kí omi òkun sì wà ní ojú mẹ́sàn-án lórí pátákó. Gbogbo wa la jọ ń ṣe é, síbẹ̀ a ń bá ara wa du ú, nítorí ẹni tó bá gbé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè ló ń gba máàkì rẹ̀. Káàdì 208 ló wà nínú páálí náà, iṣẹ́ tí ọ̀kan ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ èkejì. Abala kọ̀ọ̀kan nínú eré ni wọ́n ń pè ní ìran. Bí ìran kan bá parí, owó á wọlé, ewéko á hù, iná mànàmáná tí ẹnikẹ́ni kò bá lò á di ooru, ìran mìíràn á sì bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ Sátidé àkọ́kọ́, èmi, bàbá wọn àti àwọn ọmọ méjì àgbà la jókòó sí i. Màmá dìde nídìí fèrèsé, wọ́n wá dúró lẹ́yìn wa, wọ́n ń wò. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ọpọ́n yín yìí mà lójú púpọ̀ o."

Ọmọ mi kà á. Ojú 61 ni, onígun mẹ́fà mẹ́fà. Ọpọ́n ayò, ojú 12 péré ni, ọmọ 48. Mo ti gbàgbé pé ọ̀ta ayò ni bàbá màmá mi, pé nígbà tí Màmá wà lọ́mọdé, àwọn ni bàbá wọn máa ń pè jókòó síwájú ọpọ́n nígbà tí kò bá rí ọkùnrin kankan bá ta. Mo ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n fa àga, wọ́n tún ìró wọn wé, wọ́n jókòó.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo káàdì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ rí káàdì ọwọ́ ẹlòmíì. Mo ní kí n máa túmọ̀ ọ́ fún wọn. Màmá kọ̀ jálẹ̀. "Ṣebí ìwọ náà ń ta? Ọ̀tá mi ni ọ́ títí a ó fi kó ọpọ́n yìí nílẹ̀." Wọ́n yíjú sí àkọ́bí mi obìnrin. "Àjọkẹ́, wá síhìn-ín. Ìwọ ni ojú mi."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Àjọkẹ́ ní láti sọ ohun tó wà lára káàdì fún ìyá àgbà rẹ̀ ní etí, ní Yorùbá, kò sì lè bi ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ kan. Bó bá bi mí pé kí ni wọ́n ń pe nǹkan báyìí ní Yorùbá, mo ti mọ káàdì ọwọ́ wọn nìyẹn. Ṣe ni kó wá a fúnra rẹ̀. Mo ti ra ìwé Yorùbá fún àwọn ọmọ wọ̀nyí rí. Mo ti mú wọn lọ sí kíláàsì ọjọ́ Sátidé, wọ́n kọ́ a, b, d, wọ́n kọ́ ení, èjì. Kò sí ìgbà kan tí wọ́n nílò rẹ̀ níbẹ̀ fún ohunkóhun ju kí inú mi lè dùn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Àjọkẹ́ nílò rẹ̀ kí ó lè borí àbúrò rẹ̀.

Káàdì kan wà, nǹkan tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara òkúta bí ewéko ló wà nínú rẹ̀, ó lè hù bí ooru bá ti gòkè dé 24 nísàlẹ̀ òdo. Àjọkẹ́ sọ ọ́, sọ ọ́, ó ń fi ìka fa nǹkan sára tábìlì. Màmá bá pariwo pé, "Àbí èyí tó máa ń hù lára ògiri lẹ́yìn òjò!" Gbogbo wa gbọ́. Àṣírí tú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Ara-Ògiri ni orúkọ káàdì yẹn ní ilé wa. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yòókù ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan: irin, ewéko, ooru, igbó, ìlú. Taiténíọ́mù, tí wọ́n fi ń ṣe ohun tó ń fò lójú ọ̀run, wọ́n sọ ọ́ ní irin òkè. Èmi kọ́ ni mo kọ́ wọn. Wọ́n jọ wá a rí ni.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ fún mi. Nínú eré náà, nǹkan kan tàbí méjì ni èèyàn lè ṣe kó tó kan ẹni tó tẹ̀lé e, ó sì lè yípo ní ọgbọ̀n ìgbà lálẹ́ kan. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọmọ mi ọkùnrin parí tirẹ̀, ó wo Màmá, ó ní, "Ó kàn ẹ́." Màmá kò bínú. Wọ́n kàn jókòó, wọn kò mú káàdì, wọ́n ń wo iwájú. Ó tún un sọ. Wọn kò mira. Àjọkẹ́ ló fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ, ó sọ ọ́ fún un wẹ́lẹ́. Ó ní, "Ó kàn yín, Màmá." Màmá nawọ́ mú káàdì wọn. Mo ti ń tún ẹ̀yin àti ìwọ ṣe lẹ́nu ọmọ yẹn láti ìgbà tó ti ń rákòrò, kò wọ̀ ọ́ létí. Kí oṣù Kejìlá tó parí, kò ṣì í sọ mọ́.

Màmá kò ta á bí àwa yòókù ṣe ń ta á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìran kọ̀ọ̀kan, káàdì mẹ́rin mẹ́rin ló ń kan oníkálukú, èyí tó bá wù ọ́ lo máa fi owó mẹ́ta mẹ́ta rà. Ọkọ mi máa ń ra gbogbo rẹ̀. Màmá kì í ra ju ọ̀kan tàbí méjì. "Ọjà tí mi ò ní tà lọ́dún yìí, kí ni mo fẹ́ kó o sí ṣọ́ọ̀bù fún?" Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé iléeṣẹ́ kan wà nínú eré náà, Ecoline, tí ewéko méje ń tó o láti gbin igbó kan nígbà tí àwa yòókù ń san mẹ́jọ, wọn kò bèèrè nǹkan mìíràn mọ́. Ẹni tí wọ́n bá dín owó fún lẹ́nu ọ̀nà ọjà, wọ́n ní, ó ti jèrè kó tó tajà. Ìgbà méjì ni wọ́n fi Ecoline lù wá.

Alẹ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi. Màmá ti kó ewéko mẹ́fà jọ, ọ̀kan ló kù. Ọmọ mi ọkùnrin ní káàdì ńlá kan lọ́wọ́, Deimos Down: Deimos ni èyí tó kéré nínú òṣùpá méjì tí Máàsì ní, ẹni tó bá lo káàdì náà máa fà á wá sílẹ̀ kó bú gbàmù. Ooru á gòkè ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó sì lè run tó ewéko mẹ́jọ nínú oko ẹnì kan. Owó pé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo oko ìyá àgbà rẹ̀, ó wo mi, ó wo káàdì. Kò lè ṣe é. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, pé òun kò fẹ́ ba oko Màmá jẹ́.

Màmá gbé ojú sókè. "Ṣé torí pé mo bí ìyá rẹ ni o ò fi ní jẹ ọmọ ayò mi? Bàbá mi jẹ mí, mo sunkún, ó tún jẹ mí. Jù ú."

Ó dìde lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o." Ó padà sórí àga, ó ju òṣùpá náà. Màmá kó ewéko mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sínú àwo, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ni mo dìde lọ sí ilé ìdáná kí wọ́n má bàa rí ojú mi.

Àárín eré la ti máa ń sọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Màmá bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ ọ́síjìn yìí, eré lásán ni. Ọmọ yìí kan náà ló dáhùn. Ó sọ fún wọn pé lóṣù Kejì 2021, ọkọ̀ Perseverance ti NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìn-àjò ojú ọ̀run ní Amẹ́ríkà, balẹ̀ sí Máàsì, àpótí kan tí wọ́n ń pè ní MOXIE sì wà nínú rẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan nínú rẹ̀ ju kábọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì lọ, tó sì ń yọ ọ́síjìn jáde lára rẹ̀. Bí gíráàmù 5 ló ṣe lóṣù Kẹrin ọdún náà, kò ju èyí tí èèyàn kan lè mí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 2023, gíráàmù 122 ni gbogbo rẹ̀, ìwọ̀n èyí tí ajá kékeré kan ń mí ní nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá. Màmá ronú sí i. "Ajá kan, láàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́," wọ́n ní. "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Òfin tí Màmá fẹ́ràn jù ni ti ìlú. Ìlú kò gbọdọ̀ fara kan ìlú lórí pátákó náà, ṣùgbọ́n bí eré bá parí, gbogbo igbó tó bá fara kan ìlú rẹ, ì báà jẹ́ ẹlòmíì ló gbìn ín, ìwọ ló ń fún ní máàkì. Màmá á jẹ́ kí ọmọ ọkùnrin yẹn gbin igbó méjì mẹ́ta, wọ́n á wá gbé ìlú kalẹ̀ sáàárín rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ìlú wọn lórúkọ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Arsia Mons, Mápó ni, nítorí orí òkè ni Mápó wà n'Ìbàdàn. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún méje, tí kò tíì lè ta á, òun ló ń gbé omi òkun kalẹ̀ fún gbogbo wa, òun náà ló sì ń kéde orúkọ ìlú.

Lóṣù Kẹrin, Màmá padà sílé. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa pápá ọkọ̀ òfuurufú.

WhatsApp la fi ń ta á báyìí lálẹ́ Sátidé. A máa ń gbé fóònù ti agolo Milo kí Màmá lè rí pátákó. Tó bá di àkókò àtira káàdì, Àjọkẹ́ á gbé fóònù wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, a ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní Yorùbá láti inú, a kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ́síjìn ti dé 13, ẹyẹ sì ti lè wọ Máàsì. Mo mọ̀ pé káàdì ẹyẹ wà lọ́wọ́ Màmá, torí ẹ̀rín Àjọkẹ́ ló tú àṣírí wọn. Ọmọ mi ọkùnrin parí tirẹ̀, ó yíjú sí fóònù, àwòrán sì dúró gbagidi. Iná ti lọ n'Ìbàdàn. A dúró. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nǹkan lórí tábìlì. Káàdì Màmá wà nílẹ̀ níwájú agolo Milo, a dojú wọn bolẹ̀. Nígbà tó pẹ́, àbíkẹ́yìn mi sún mọ́ fóònù náà, ó tẹ ẹnu mọ́ ọn.

"Ó kàn yín, Màmá."

Fóònù ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ díẹ̀. Ohùn ló kọ́kọ́ padà, àwòrán kò tíì dé.

"Mo wà ńbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan Mápó mi o."