Ó ń kíìkì, kò stáàtì: ohun tí 504 pick-up fojú mi rí ní Aládé

Ẹ jẹ́ n sọ eléyìí kí owó tiyín má baà lọ bí tèmi ṣe lọ. Mo ní Peugeot 504 pick-up kan, àgbà mọ́tò ni, epo bẹntiróòlù ló ń jẹ, kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ ló ń lò, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná nígbà náà lọ́hùn-ún. Òun ni mo fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà láti Aládé Ìdànrè wá s'Ákùúrẹ́, àwọn ìyá tó ń tà á ní Ìsìkàn ti mọ ìró ẹ̀ látòkèèrè. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, a ti di ẹrù tán, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún dé orí, mo jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó kíìkì dáadáa, rírírírí, kò jó. Mo tún yí i. Rírírírí. Òfo.

Ẹ wò ó, mọ́tò tí ò kíìkì rárá yàtọ̀ sí èyí tó ń kíìkì tí ò stáàtì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pa méjèèjì pọ̀. Tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tó kàn dún "tá" tàbí tó dákẹ́ lọ fáú, bátìrì, orí bátìrì tàbí kíìkì-stáátà lẹ máa lọ bá. Àmọ́ tó bá ń yí tágbára wà nínú yíyí ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti ku epo, iná, àti bí písítìnì ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́ sí. Mi ò mọ èyí nígbà yẹn o. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé oòrùn ti ń yọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà lẹ́yìn mi.

Mẹkáníìkì tó wà nítòsí dé. Ọmọ dáadáa ni, ìkánjú ló ń dà á láàmú. Kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán tó fi ní, "Ọ̀gá, AC pọ́ǹpù ni," ìyẹn pọ́ǹpù tó ń fa epo. A ra AC pọ́ǹpù. Kò stáàtì. Ó ní kábúrétọ̀ ló dọ̀tí, ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó ń fẹnu fẹ́ ihò ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dà á padà. Kò stáàtì. Ó wá tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn tó ń ṣáná sí epo, gbogbo wọn tutù, epo ń kán lẹ́nu wọn, ó nà án sí mi lójú, ó ní, "Ẹ ò rí i, ọ̀gá, àwọn púlọ́ọ̀gì yìí ti kú." A ra tuntun.

Ibi tí mo ti gọ̀ jù nìyẹn. Púlọ́ọ̀gì tó tutù tó ń rùn fún epo, ẹlẹ́rìí ni. Ohun tó ń sọ ni pé epo ń dé, pọ́ǹpù ò jalè, kábúrétọ̀ ò jalè, iná tó yẹ kó jó epo ọ̀hún ni ò sí níbẹ̀. Ká ní ó gbẹ ni, ìgbà yẹn ló tó kan pọ́ǹpù. Owó ti ń lọ bíi 70,000 náírà, ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ wa látàárọ̀, à ń fi rágì nu ún dànù.

Ó tún wá bu epo sẹ́nu kábúrétọ̀ kó lè tètè jó, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kíìkì ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni iná gbá, bú!, ó sì jáde lẹ́nu kábúrétọ̀, ìpéǹpéjú ọmọkùnrin kejì tó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ ló gbé lọ. Ọlọ́run ló yọ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín, mo ti rí i kí wọ́n máa ṣe é lójoojúmọ́ bí ẹni pé eré ni.

Ọjọ́ kejì la fokùn fa mọ́tò dé Àkúrẹ́, tọ̀gẹ̀dẹ̀-tọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan júwe bàbá rìwáyà kan, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, fún mi lọ́nà Òǹdó, bàbá náà ti dàgbà gan-an, ó fi okùn so jígí mọ́ ọrùn. Mo kí i, ó ní kí n sọ gbogbo ohun tá a ti ṣe. Mo kà á fún un. Ó dákẹ́ títí, ó wá bi mí pé:

"Ta ló ti wo iná?"

Mo ní, "Bàbá, kò sẹ́ni tó wò ó."

"O ti wá ra gbogbo ọjà tán kó o tó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ sè."

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe pa mí lẹ́rìn-ín, ó ti ara mọ́tò, ó ń mì ín, ó tẹ́tí sí táǹkì bóyá epo ń dún nínú ẹ̀. Ó ní gééjì 504 tó bá ti pẹ́, irọ́ ló ń pa, pàápàá látìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tó jẹ́ pé lítà mẹ́rin, lítà márùn-ún làwọn èèyàn ń rà, wọn a wá máa wá àìsàn mọ́tò tí ebi ń pa. Tèmi ní epo. Ó ní ká nu gbogbo epo tó dà sórí ẹ́ńjìnnì, ká jẹ́ kí òórùn ẹ̀ lọ ná, nítorí iná ló fẹ́ wò.

Ó wá yọ wáyà nínípọn tó ti ara kọ́ìlì, èyí tó ń sọ iná bátìrì di alágbára, wọ àárín ìdérí dísítíríbútọ̀, èyí tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, ó fi púláyà tó ní rọ́bà lọ́wọ́ di ara ẹ̀ mú, ó gbé ẹnu ẹ̀ sún mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, àlàfo ibẹ̀ ò ju ìdajì èékánná lọ. Ọmọ iṣẹ́ kíìkì. Ó yẹ kí iná búlúù máa fò níbẹ̀, ta-ta-ta. Kò sí ohun tó fò.

Ó mú gílóòbù kékeré kan tó ti so wáyà méjì mọ́, ó fi ọ̀kan kan irin mọ́tò, ó fi ìkejì kan ẹsẹ̀ kọ́ìlì tí iná ń gbà wọlé, gílóòbù tàn, a jẹ́ pé iná ń ti kọ́kọ́rọ́ wá. Ó gbé e sí ẹsẹ̀ kejì, èyí tó lọ sí dísítíríbútọ̀, ó ní kí wọ́n kíìkì. Ó ní tí kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì inú dísítíríbútọ̀ tó ń já iná tó tún ń so ó, bá ń ṣí tó ń pa, gílóòbù á máa ṣẹ́jú. Tèmi ò ṣẹ́jú, ó kàn tàn gàn-ùn gàn-ùn, iná ò rọ́nà lọ sílẹ̀. Ó ní ká ní kò tàn rárá lẹ́sẹ̀ kejì yẹn ni, kọ́ìlì fúnra ẹ̀ tàbí kọ́ńdẹ́ńsà lòun ì bá fura sí.

Ó ṣí ìdérí, rótọ̀ tó ń yí lábẹ́ ẹ̀ ò là, ó fi sáńpépà ra ojú kọ́ńtáàtì, gílóòbù ò ṣẹ́jú síbẹ̀. Ó wá fi ìka méjì mú wáyà tínínrín kan tó wà nínú dísítíríbútọ̀ níbẹ̀, èyí tó ń so kọ́ńtáàtì mọ́ ìta, ó rọra fà á. Wáyà náà gùn! Ó fà bíi rọ́bà ìdírun. Wáyà tí bàbà ẹ̀ pé kì í fà, rọ́bà ìta nìkan ló kù, bàbà inú ti já, ojú lásán ò sì lè rí i. Ó ní gbogbo ìgbà téèyàn bá fẹsẹ̀ tẹ iná kí mọ́tò lè sáré ni àwo tó wà níbẹ̀ ń yí díẹ̀, tó ń ká wáyà yẹn kò, títí tí inú ẹ̀ á fi ṣẹ́. Ó wá wáyà rírọ̀ mìíràn, ó jó o pọ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, kíìkì ẹ̀ẹ̀kejì, mọ́tò hó.

Fún ẹni tí púlọ́ọ̀gì tiẹ̀ bá gbẹ: ẹ yọ rọ́bà epo lẹ́nu kábúrétọ̀, ẹ kì í bọ inú ìgò, ẹ kíìkì, epo gbọ́dọ̀ máa tu wá. Ẹ gbé ìgò náà kalẹ̀ díẹ̀, tómi bá wà nínú epo, ìsàlẹ̀ lẹ máa rí i, epo inú kẹ́ẹ̀gì etí títì kún fún un. Tí tiyín bá jẹ́ èyí tó ń lo pọ́ǹpù oníná bí àwọn Hilux tó dé lẹ́yìn, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì kíìkì, ẹ tẹ́tí, púpọ̀ nínú wọn a máa kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 2, tẹ́ ò bá gbọ́ ọ, fíúsì àti ríléè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá sì ń kíìkì fúyẹ́fúyẹ́, tó ń sáré ju bó ṣe máa ń yí lọ, ẹ dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kí ṣéènì tàbí bẹ́líìtì tàìmín-ìn ti já. Kí kíìkì kan má ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, ẹ jẹ́ kó sinmi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ stáátà á jóná kún un.

Bàbá ò gba owó tó pọ̀, ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ló mú, èyí tó ti ń pọ́n. Mo gba wáyà tó já yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ó ṣì wà nínú mọ́tò níbi tí mò ń kó ìwé sí. Mẹkáníìkì bá ti ní kí n lọ ra pọ́ǹpù, mo máa ń nà án sí i pé kó fà á wò.