Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Iṣẹ́ Gbígbé Nọ́ńbà Láti Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kan sí Òmíràn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ yìí,

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọn yóò kọ́kọ́ fi sí ìdí tábìlì tí àwọn oníbàárà ti máa ń wá sọ pé àwọn fẹ́ kúrò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àwọn wà bọ́ sí ti wa, ṣùgbọ́n tí àwọn kò fẹ́ pàdánù nọ́ńbà tí tẹbí-tọ̀rẹ́ fi mọ àwọn. Lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀: ẹ ó kọ nọ́ńbà sínú fọ́ọ̀mù, ẹ ó tẹ bọ́tìnì, ó sì tán. Ohun tí iṣẹ́ náà fi hàn mí ni pé ẹ̀rọ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀, àkọsílẹ̀ ni. Nígbàkígbà tí wọ́n bá kọ ìbéèrè kan padà fún wa, tí mo sì tú u wò, orúkọ tí kò bára mu, àkáǹtì tí wọ́n ti pa, tàbí kóòdù ìyọ̀ǹda láti gbé nọ́ńbà tí àkókò rẹ̀ ti kọjá ni mo máa ń bá nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà jẹ́ gan-an, nítorí ẹni tí kò bá mọ èyí kò ní lè fi ọkàn oníbàárà balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú káàdì SIM ni nọ́ńbà àwọn ń gbé, wọ́n sì máa ń béèrè bóyá a ó lè bá wọn lo SIM àtijọ́ náà lọ́dọ̀ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá SIM mọ̀ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tí à ń pè ní IMSI, tí kì í ju díjíìtì 15 lọ: mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ orílẹ̀-èdè, méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ni SIM, ìyókù ló wà fún oníbàárà náà fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń tẹ IMSI láti fi pe ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti so ó mọ́ IMSI yẹn. Bí nọ́ńbà bá ṣí lọ, ilé-iṣẹ́ tuntun yóò so ó mọ́ IMSI tirẹ̀ lórí SIM tuntun tàbí eSIM (SIM tó ti wà nínú fóònù fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe káàdì), ilé-iṣẹ́ àtijọ́ yóò sì tú u kúrò lára tirẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí bí ènìyàn ṣe lè ṣí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìgba SIM tuntun. Ìdí kan náà ni nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀ tí ẹnìkan tọ́jú sórí SIM àtijọ́ kì í fi í bá a lọ, àfi bó bá ti kó wọn sórí fóònù tàbí sí ibòmíràn ṣáájú. Ẹ máa rán wọn létí èyí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ó máa ń dun ènìyàn púpọ̀ bí ó bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀tọ́ láti gbé nọ́ńbà ẹni lọ yìí kò tíì pẹ́ tó bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe rò. Kí àwọn ìjọba tó dá sí i, ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ní láti fi nọ́ńbà sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ fara mọ́ iṣẹ́ tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Singapore ló ṣíwájú ní ọdún 1997, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Hong Kong tẹ̀ lé e ní 1999, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, Gúúsù Áfíríkà ní 2006, Kẹ́ńyà àti Gánà ní 2011, ọdún yẹn kan náà ló sì kárí gbogbo Íńdíà, tí Nàìjíríà wá ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2013. Láti ìgbà náà ni díjíìtì tó ṣáájú nọ́ńbà kò ti lè fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹni tó ni ín wà hàn wá dájú mọ́. Síbẹ̀, mo ṣì ń rí òṣìṣẹ́ tó ń wo iwájú nọ́ńbà tó sì ń sọ fún oníbàárà pé, “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì báyìí lẹ wà.” Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bi í léèrè, tàbí kí ẹ wò ó lórí kọ̀ǹpútà.

Báwo wá ni ìpè ṣe ń mọ ibi tí yóò gbà? Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ibùdó àkọsílẹ̀ kan wà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ jọ ń lò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ìpè ti bẹ̀rẹ̀ yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò rí ibi tí nọ́ńbà náà wà báyìí, yóò sì darí ìpè lọ síbẹ̀ tààrà. Ọ̀nà kejì, èyí tí wọ́n lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀, ni pé kí ìpè kọ́kọ́ lọ bá ilé-iṣẹ́ tí wọ́n pín nọ́ńbà náà fún ní àtètèkọ́ṣe, kí ilé-iṣẹ́ yẹn sì tari rẹ̀ sí ibi tó ti ṣí lọ. Ewu tó wà nínú ti kejì yìí hàn gbangba: oníbàárà ti kúrò, síbẹ̀ ìpè rẹ̀ ṣì ń gba ẹnu ọ̀nà ẹni tó fi sílẹ̀ kọjá. Ọ̀nà yòówù kí wọ́n lò, gbogbo àkọsílẹ̀ kì í yí padà ní ìṣẹ́jú kan náà. Nítorí náà, bí oníbàárà bá pè yín pé òun lè pe ènìyàn ṣùgbọ́n ìpè kò wọlé sọ́dọ̀ òun, tàbí pé àwọn kan ń rí òun pè tí àwọn mìíràn kò rí òun pè, ẹ má sáré gbà pé SIM rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo wákàtí tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù lọ nìyí: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé nọ́ńbà rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ lọ pa láìnì rẹ̀ níbi tó wà. Ọmọlúàbí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n rò pé ó tọ́ kí àwọn dágbére fún ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kí àwọn tó kọjá sí tuntun. Ṣùgbọ́n láti inú àkáǹtì tó ṣì wà láàyè ni a ti ń fa nọ́ńbà jáde. Bí wọ́n bá ti pa àkáǹtì náà, nọ́ńbà ti padà sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, wọ́n á fi pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Kì í sì í ṣe ohun ìní oníbàárà tí yóò lè gbà padà ní kóòtù. Ìjọba ló ń pín nọ́ńbà fún àwọn ilé-iṣẹ́, oníbàárà kàn ń lò ó ni. Nígbà mìíràn ilé-iṣẹ́ àtijọ́ lè jí láìnì náà padà bí oníbàárà bá tètè bẹ̀ wọ́n, nígbà mìíràn kò ní ṣeé ṣe. Gbígbé nọ́ńbà lọ fúnra rẹ̀ ló ń pa láìnì àtijọ́, kò sí ohun tí oníbàárà ní láti fi kún un. Àwọn tí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ilé wọn jọ wà nínú àdéhùn kan nìkan ni mo yọ sílẹ̀, nítorí nọ́ńbà yóò lọ, ìyókù àdéhùn yóò sì dúró, owó rẹ̀ yóò máa gùn, títí wọn yóò fi pè láti fòpin sí i.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọkùnrin kan wà tí ìbéèrè rẹ̀ ń padà wá léraléra. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́ tónítóní, nọ́ńbà rẹ̀ pé, kóòdù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, síbẹ̀ ìdáhùn tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà kò ju ìlà kan lọ: ohun tí a kọ kò bá ohun tó wà lọ́dọ̀ wọn mu. Ó ti ń bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Mo wá bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ ta ló wà lórí bíìlì tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́?” Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi gba láìnì yẹn nígbà tí mo wà nílé ìwé.” Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún gbọọrọ ló fi ń san owó láìnì náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú ilé-iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ín, ẹ̀gbọ́n náà nìkan ló sì lè fọwọ́ sí i kó kúrò. A pe ẹ̀gbọ́n náà, ó yọ láìnì náà kúrò lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ìbéèrè tó tẹ̀ lé e sì kọjá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè orúkọ orí bíìlì kí n tó béèrè nọ́ńbà.

Nọ́ńbà àkáǹtì náà máa ń da nǹkan rú. Kì í ṣe nọ́ńbà fóònù, ó sì yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára SIM. Orí bíìlì tàbí inú áàpù ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ni a ti ń rí i. PIN tí ènìyàn fi ń wọ àkáǹtì rẹ̀ kì í sì í sábà jẹ́ PIN tí a fi ń gbé nọ́ńbà jáde, pàápàá ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń ṣe èyí tó yàtọ̀ fún iṣẹ́ yìí, tó sì máa ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè yàtọ̀ láti ilẹ̀ sí ilẹ̀, ẹ má sì fi ti ibì kan kọ́ oníbàárà ibòmíràn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníbàárà yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ PAC ránṣẹ́ sí 65075, bí ó ti wà láti oṣù keje ọdún 2019, wọn yóò sì fún un ní kóòdù lẹ́tà mẹ́ta àti díjíìtì mẹ́fà tó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 30, èyí tí yóò gbé fún ilé-iṣẹ́ tuntun. Ní Íńdíà, yóò kọ PORT àti nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí 1900. Ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun ló máa lọ, yóò sì fi PORT ránṣẹ́ sí 3232 láti orí nọ́ńbà tó fẹ́ gbé. Ohun tó bára mu níbi gbogbo ni pé ilé-iṣẹ́ tuntun ló ń parí iṣẹ́ náà, kì í ṣe oníbàárà.

Ní ti gbèsè, ẹ ṣọ́ra fún ìdáhùn tó rọrùn. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kò lè di nọ́ńbà mú nítorí owó tí oníbàárà jẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè náà kò parẹ́, owó ìtanràn àdéhùn tí kò tíì pé náà kò sì parẹ́. Ní Íńdíà, bíìlì tí àkókò sísan rẹ̀ ti kọjá tó láti mú kí wọ́n kọ ìbéèrè. Íńdíà tún ní òfin ọjọ́ 90: ẹni tó bá ti ṣí lọ kò lè tún ṣí títí ọjọ́ yẹn yóò fi pé; Nàìjíríà náà ní àkókò ìdúró tirẹ̀. Owó ìpè àti data tó kù lórí láìnì àtijọ́ kì í bá nọ́ńbà lọ, nítorí náà kí oníbàárà ná an tán. Fóònù tí ilé-iṣẹ́ àtijọ́ tì mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ kò ní gba SIM wa. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn pátápátá, ṣùgbọ́n àwa ni wọ́n máa bínú sí.

Àwọn kan nínú yín yóò máa ráhùn pé ìbéèrè wa ti pọ̀ jù. Èmi kò ráhùn. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà ẹlòmíràn ti gba kóòdù tí báńkì máa fi ránṣẹ́ síbẹ̀, àti ọ̀nà láti yí ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì rẹ̀ padà. Àwọn olè mọ èyí, wọ́n sì ń fi orúkọ onínọ́ńbà béèrè pé kí wọ́n gbé nọ́ńbà náà lọ. Nítorí wọn ni FCC, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣe fi òfin lélẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ rí i dájú pé onínọ́ńbà gan-an ló ń béèrè, kí wọ́n sì fi tó o létí. Láti oṣù keje ọdún 2024, Íńdíà kì í fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ SIM ní kóòdù tí wọ́n fi ń gbé nọ́ńbà títí ọjọ́ méje yóò fi kọjá. Bí fóònù ẹnìkan bá ṣàdédé pàdánù nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má ní kó lọ sinmi kó tún wá. Báńkì rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ pè láti orí fóònù mìíràn.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣí ní tòótọ́, ẹ ní kó fi SIM àtijọ́ sílẹ̀ nínú fóònù títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kó má sì yan ọjọ́ tó ń retí kóòdù báńkì. Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń pẹ́ ju ti ènìyàn lásán lọ kó tó mọ ọ̀nà tuntun. WhatsApp kò nílò àyípadà kankan, nítorí nọ́ńbà náà ṣì ni. Bí SIM tuntun bá ti gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ jẹ́ kó pe ènìyàn kan, kí ẹnìkan pè é láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ tuntun, kí ẹlòmíràn sì pè é láti ibi tó ti kúrò. Ìpè ìkẹyìn yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ìgbà mìíràn ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kì í tíì pa nọ́ńbà náà rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá sì pè é, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ni yóò máa wá a sí. Bí ìpè náà kò bá wọlé, ẹ kọ wákàtí àti nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó ìtọ́sọ́nà ìpè lọ́jọ́ náà gan-an.