Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára ère obìnrin tí ò lójú

Ọdún méjì gbáko ni mi ò fi wo ikùn mi. Ẹ má rò pé mò ń ṣe àsọdùn o, mo ní ọgbọ́n tí mò ń dá sí i: tí mo bá fẹ́ wẹ̀ màá kẹ̀yìn sí dígí, tí mo bá fẹ́ múra ẹ̀wù á ti dé ọrùn kí n tó tú táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, tí bàbá àwọn ọmọ bá sì gbọ́wọ́ lé ibẹ̀ lójú oorun, màá rọra gbé ọwọ́ ẹ̀ kúrò bí ẹni ń gbé ọmọ tó ń sùn. Ọmọ kejì, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde. Ojú abẹ náà jinná dáadáa, dókítà yìn ín gan-an, ó ní ó rẹwà, èmi ń wò ó pé kí ló ń rí, torí ibi tó ń yìn yẹn, tí mo bá fọwọ́ kàn án, bí ìgbà tí mo fọwọ́ kan ara ẹlòmíì ni. Ó kú tifún-tẹ̀dọ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé tí wọ́n bá la ikùn, àwọn iṣan ìmọ̀lára kéékèèké abẹ́ awọ náà máa ń gé, pé ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó hù padà, pé òmíì ò sì ní hù padà tán. Ká ní mo mọ̀ ni, bóyá mi ò bá má rò pé ara mi ló ń bá mi ṣọ̀tá. Ni mo bá ń bá a ṣọ̀tá padà. Mo di bẹ́líìtì mọ́ ọn, mo febi pa á, mo ń fa ikùn sínú láti àárọ̀ dalẹ́ débi pé mi ò tiẹ̀ mọ̀ mọ́ pé mò ń fà á, àfi ọjọ́ tí àǹtí mi bi mí lórí fóònù pé ṣé mò ń sáré ni, pé èémí mi ò délẹ̀.

Òru ọjọ́ kan, ọmọ ń mu ọmú, mò ń fi ọwọ́ kejì yí fóònù kí oorun má bàa gbé mi lọ, ni fọ́tò ère kékeré kan bá yọ. Obìnrin. Ọmú ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé orí ikùn, ikùn yọ síwájú, ìbàdí fẹ̀, ó wá gbé apá tíńtín méjì lé orí ọmú bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ò kàn án. Mo fẹ́ẹ̀ fi ẹ̀rín jí ọmọ. Mo ní ta ló gbẹ́ èmi síbí?

Wọ́n ń pè é ní Venus of Willendorf, torí ní Willendorf ní ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti hú u jáde lọ́dún 1908. Òkúta ẹfun ni, gíga ẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 11 lọ, àtẹ́lẹwọ́ lè gbà á tán, ìlẹ̀pa pupa tí wọ́n fi kùn ún ṣì hàn díẹ̀ lára ẹ̀, ó sì ti tó nǹkan bí 30,000 ọdún. Venus tí wọ́n ń pè é yẹn, orúkọ òrìṣà-bìnrin ìfẹ́ àti ẹwà àwọn ará Róòmù àtijọ́, àwọn ọkùnrin ayé tiwa ló fún un lórúkọ, ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ kò sẹ́ni tó mọ nǹkan tó ń jẹ́ Venus. Òmíì wà tó dàgbà jù ú lọ, nínú ihò àpáta Hohle Fels ní Jámánì ni wọ́n ti rí i lọ́dún 2008, eyín mammoth ni wọ́n fi gbẹ́ ìyẹn, erin onírun ayé àtijọ́ tí ò sí mọ́, sẹ̀ńtímítà 6 péré, ibi tó yẹ kí orí wà, òrùka kékeré ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹnì kan ń so ó kọ́rùn kiri.

Àmọ́ èyí tí mò ń sọ yìí, ti Willendorf, kò lójú. Nǹkan tó dà bí irun dídì tàbí fìlà ló yí gbogbo orí ẹ̀ po. Kò ní àtẹ́lẹsẹ̀ náà. Mo wá kà á pé ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, LeRoy McDermott, sọ lọ́dún 1996 pé ó lè jẹ́ àwọn obìnrin fúnra wọn ló gbẹ́ irú ère wọ̀nyí, pé tí aláboyún bá tẹ orí ba tó wo ara ẹ̀, nǹkan tó máa rí gan-an nìyẹn: ọmú ńlá, ikùn ńlá, itan tó ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ tí ikùn ti bò, ojú ò sì ní sí níbẹ̀ torí ta ló rí ojú ara ẹ̀ rí láìsí dígí. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kan ò gbà fún un o, wọ́n bá a jiyàn dáadáa. Mi ò bá wọn dá sí i. Mo kàn tẹ́ ọmọ sílẹ̀ lóru yẹn ni, mo ká aṣọ sókè, mo sì tẹ orí ba.

Bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́. Gbogbo bí mo ṣe kórìíra ikùn yìí tó, iwájú ni mo máa ń dúró sí nínú ọkàn mi láti wò ó, ibi tí dókítà dúró sí, ibi tí kámẹ́rà máa ń wà, ibi tí ọkùnrin tó jókòó sí òdìkejì bọ́ọ̀sì ti ń woni. Mi ò tíì wò ó rí láti ibi tí èmi fúnra mi ń gbé. Ẹ má rò pé mo bú sẹ́kún o, ebi ló ń pa mí, mo lọ jẹun mo sì sùn. Àmọ́ nǹkan kan ti yí.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí wọ́n ń pè ní somatic, ìdánrawò téèyàn fi ń kọ́ láti máa fiyè sí ara ẹ̀ látinú. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ara ló ti wá, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Thomas Hanna ló sọ orúkọ náà di nǹkan láwọn ọdún 1970, ohun tó ń sọ ò sì ju pé ara tí wọ́n ń wò láti ìta yàtọ̀ sí ara tí ẹni tó ni ín ń mọ̀ látinú. Nígbà tí mo kà á, mo pariwo. Ọ̀rọ̀ ère yẹn náà kọ́! Tẹ́ ẹ bá sì rò ó dáadáa, Yorùbá tí à ń sọ yìí ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: inú ló ń dùn, inú ló ń bíni, àyà ló ń já, ara ló ń balẹ̀ tàbí tí kì í balẹ̀. A kì í sọ pé ìbẹ̀rù wà níbì kan nínú ìrònú wa, àyà là ń mú un sí. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń sọ pé ara mi ò balẹ̀, mi ò fi ìgbà kankan bi ara pé ibo gan-an ni kò ti balẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe. Mo ti rí i nínú fídíò pé kí n dijú, kí n mí kanlẹ̀, kí n darí èémí lọ sí ibi tó ń dùn mí. Mo dijú, mo mí kanlẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí iná yàrá iṣẹ́ abẹ fi padà wá, òtútù yẹn, ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí mi bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀, ọkàn mi ń lù kìkìkì. Mo rò pé mo ti ya wèrè. Màmá tó wá di olùkọ́ mi lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún mi, ó ní, “Ọmọ mi, ẹni tí ẹ̀rù ti bà nínú ilé, o lè ní kó tilẹ̀kùn kó jókòó sínú òkùnkùn ibẹ̀? Lajú ẹ.” Mo ní, “Ẹ ṣé, mà.” Látọjọ́ yẹn, ojú lílà ni mo fi ń ṣe é. Màá kọ́kọ́ yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, màá wo fèrèsé, wo ilẹ̀kùn, kí ara rí i fúnra ẹ̀ pé òní lòní, kì í ṣe ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ló kọ́ mi ní èyí tí mo fẹ́ràn jù. Kí n wá ibì kan lára mi tí kò ní wàhálà, kò pọn dandan kó jẹ́ ibi tó ń dùn mọ́ mi o, ibi tí kò ṣe nǹkan kan ṣáà ni. Tèmi ni etí òsì. (Ẹ má rẹ́rìn-ín.) Kí n fi ọkàn síbẹ̀ díẹ̀, kí n lọ sẹ́bàá ojú abẹ fún bí èémí méjì, kí n tètè padà sí etí. Lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Peter Levine, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí tó fi gbajúmọ̀, ń pè é ní pendulation, bí nǹkan tó ń fì síbí fì sọ́hùn-ún. Ara á rí i pé òun lè lọ síbi tó le kóun sì padà wálé. Mímí náà, mo fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, nígbà tí mo máa padà sí i, mímí síta ni mò ń fà gùn ju mímí sínú lọ, torí mímí síta ló ń jẹ́ kí iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n ń pè ní vagus fún ọkàn ní bíréèkì díẹ̀. Ẹ má fipá ṣe é. Bó bá ń ni yín lára, ẹ padà sí etí òsì yín.

Ìtàn Inanna ló jẹ́ kí n ní sùúrù. Òrìṣà-bìnrin àwọn ará Sumer ni, àwọn ará àtijọ́ tó gbé níbi tó di Iraq lónìí, wọ́n kọ ìtàn ẹ̀ sára wàláà amọ̀: ó ń lọ sí ìlú àwọn òkú, ẹnubodè méje ló wà níbẹ̀, ẹnubodè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń gba nǹkan kan lára ẹ̀, adé, ìlẹ̀kẹ̀, títí dórí aṣọ, ìhòòhò ló fi dé iwájú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó jẹ́ ọba níbẹ̀, wọ́n pa á, wọ́n sì gbé òkú ẹ̀ kọ́. Àwọn tó ń fi ìtàn yìí kọ́ni kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ pé kó tó lọ, ó ti sọ fún Ninshubur ìránṣẹ́ ẹ̀ pé bí òun ò bá padà, kó ké gbàjarè. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Ninshubur ké. Ẹ̀yin náà, ẹ ní Ninshubur tiyín. Tèmi ni àǹtí mi, màá tẹ méséèjì sí i kí n tó bẹ̀rẹ̀, màá tún tẹ ẹ́ tí mo bá parí, tí kò bá rí ìkejì á pè mí.

Fífi ọwọ́ kan ojú abẹ gan-an, oṣù kẹrin tí mo ti ń ṣe nǹkan yìí ni mo tó débẹ̀, dókítà sì ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó jinná dénú, ẹ má dá a ṣe lórí egbò tútù, tó bá sì ń gbóná, tó ń ṣọyún, tàbí tó ń dunni lójijì, ọsibítù ni, kì í ṣe etí òsì. Mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà òwú, lẹ́yìn náà ìka. Mo tún lọ sọ́dọ̀ físíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan, torí oṣù mélòó kan ni mo fi ń fún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀, àwọn tó gbé ilé ọmọ àti ilé ìtọ̀ dání, gẹ́gẹ́ bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ fún abiyamọ pé kó máa fún un, tó ń dùn mí sí i. Ó yẹ̀ mí wò, ó ní iṣan mi kì í ṣe aláìlágbára, ó ti fún jù ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú sílẹ̀ mọ́. Bíi tèmi náà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ fúnfún-fúnfún yẹn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó ń fi òrìṣà-bìnrin àtijọ́ ṣọjà. Marija Gimbutas, awalẹ̀pìtàn ńlá ni, ó gbà pé òrìṣà-bìnrin ni Yúróòpù àtijọ́ ń bọ káàkiri, ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn míì ò sì gbà bẹ́ẹ̀, àwọn tó gbẹ́ ère Willendorf ò fi ìwé kankan sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ ohun tí ère yẹn ń sọ, pé kẹ́ ẹ wá sanwó kíláàsì, ẹ di pọ́ọ̀sì yín mú. Èmi ò nílò kó jẹ́ òrìṣà. Ó kàn tó fún mi pé ẹnì kan fara balẹ̀ gbẹ́ ikùn sọ̀kalẹ̀-sọ̀kalẹ̀ yẹn láìgé nǹkan kan kúrò. Ẹ sì mọ̀ pé Facebook yọ fọ́tò ẹ̀ kúrò lọ́dún 2017 pé ìhòòhò ni? Ìyá àgbà ẹni 30,000 ọdún! Wọ́n tọrọ àforíjì nígbà tó yá ṣá.

Ọ̀kan ṣẹ́kù tí mi ò lè má dárúkọ: Baubo. Demeter, òrìṣà-bìnrin àwọn Gíríìkì, ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ ẹ̀ tí wọ́n jí gbé, kò jẹ kò mu, ni Baubo bá ká aṣọ ẹ̀ sókè níwájú ẹ̀, ẹ̀rín sì pa Demeter. Wọ́n ti hú ère amọ̀ kéékèèké kan jáde ní Priene, ní Turkey òde òní, tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ pè: orí ò sí, ikùn ni ojú wà, itan ti ibẹ̀ yọ. Mo fi han àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣe kíláàsì, a rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹnì kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ látọjọ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èmi náà, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ikùn mi ń mì, pé mi ò fà á sínú.

Lóṣù tó kọjá, bàbá àwọn ọmọ tún gbọ́wọ́ lé ibẹ̀ lójú oorun. Ojú mi là. Mo wo fèrèsé, mo wo ilẹ̀kùn, mo lọ sí etí òsì mo padà. Ọwọ́ ẹ̀ wúwo. Apá ọ̀tún mọ̀ ọ́n lára, ó gbóná, apá òsì ṣì kú. Mo fi ọwọ́ náà síbẹ̀.