Mọ́tò Iná Kì í Dédé Jó

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ, kò sí ohun tó ń súni nínú iṣẹ́ yìí bíi mọ́tò tí wọ́n tún wé lọ́jọ́ Ajé, tó tún jó lọ́jọ́ Ẹtì. Owó wáyà ti wọgbó, ẹ̀rọ dúró, mánéjà ń bínú, ẹni tó wé kọ́ìlì (wáyà bàbà inú mọ́tò) sì ń búra pé iṣẹ́ òun kò lábùkù. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Ohun tó pa mọ́tò àkọ́kọ́ ṣì wà nídìí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó wá a.

Kọ́ìlì tó jó máa ń sọ ohun tó pa á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á jáde kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tú ìdérí méjèèjì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ ya fọ́tò. Bí mọ́tò oníféèsì mẹ́ta (tí wáyà iná mẹ́ta ń wọ̀) bá wà ní star (tí orí kọ́ìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lójú kan), tí ìdá méjì nínú mẹ́ta kọ́ìlì dúdú bí èédú, tí ìdá kan yòókù sì mọ́, féèsì kan ló já. Ní delta (tí wọ́n so kọ́ìlì mẹ́ta náà pọ̀ yí ká bí onígun mẹ́ta), ìdá kan ló máa ń jó, tí méjì á ṣẹ́ kù. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúdú dọ́gba, ẹrù ló pọ̀ jù, tàbí kí fáànù ẹ̀yìn ti kán, kí eruku sì ti dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Bí ojú kan ṣoṣo bá bẹ́, tí bàbà yọ́ níbẹ̀, ẹ wá omi tàbí wáyà tí ara rẹ̀ bó nígbà tí wọ́n ń kì í wọlé.

Féèsì tó já ló ń jó mọ́tò wa jù. Mọ́tò tó ti ń yí lọ́wọ́ kì í dúró bí féèsì kan bá lọ. Ẹrù kan náà ló máa gbìyànjú láti fi wáyà méjì gbé, iná inú àwọn méjèèjì á sì fò sókè tó ìlọ́po 1.73. Ibi tí tẹ́sítà ti ń tan ọ̀pọ̀ yín nìyí: bí mọ́tò bá ń yí, òun fúnra rẹ̀ ń dá iná padà sórí wáyà tó já, tẹ́sítà á tàn, ẹ ó sì rò pé gbogbo féèsì pé. Clamp meter (èyí tí wọ́n ń há mọ́ wáyà láti ka iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá) ni kí ẹ fi wọn wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó já á fi òdo hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo fíúsì transformer, skúrúù tó tú níbi ìsopọ̀, àti ojú irin inú contactor (swíìṣì ńlá tó ń tan mọ́tò). Bí ojú irin kan bá ti jẹ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ má fi sáńpépà ha á.

Overload (ohun tó ń gé iná bí mọ́tò bá ń gba iná jù) ló yẹ kó gba mọ́tò náà là, àmọ́ ẹnìkan ti sábà máa ń yí i sókè nítorí pé ó ń gé iná lemọ́lemọ́. Mọ́tò 7.5 kW ní 400 V máa ń gba nǹkan bíi 15 A. Ohun tí wọ́n kọ sára àwo irin rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ẹ bá bá overload rẹ̀ ní 22 A, ẹ ti mú ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń pa mọ́tò. Ní ti star-delta (mọ́tò tó ń gbéra ní star kó tó bọ́ sí delta), bí overload bá wà lábẹ́ contactor àkọ́kọ́, ìdá 0.58 iye ara àwo irin náà ni kí ẹ yí i sí, ìyẹn 8.7 A fún mọ́tò 15 A. Àṣìṣe yìí pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá.

Ẹ wọn fóltì pẹ̀lú. Ká ní ẹ rí 410, 400 àti 375: ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 395, èyí tó jìnnà jù fi 20 yàtọ̀, ó ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kò yẹ kí mọ́tò ṣiṣẹ́ lórí irú iná bẹ́ẹ̀, nítorí ooru inú kọ́ìlì á fi nǹkan bí ìdajì lé sí i. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n kó gbogbo iná ọ́fíìsì sórí féèsì kan ṣoṣo máa ń fa èyí.

Bí ẹ bá máa gbé e fún ẹni tó ń wé e, ẹ bá a ka iye ìgbà tí wáyà yí po nínú kọ́ìlì, ẹ fi micrometer wọn wáyà lẹ́yìn tí ẹ bá ti họ ọ̀dà rẹ̀ kúrò. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó má da pẹtiróòlù sí i kó ṣáná sí i láti fi jó kọ́ìlì àtijọ́ kúrò. Iná tí kò níwọ̀n ń jó ohun tó ya àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ sọ́tọ̀, mọ́tò á sì máa gbóná láì tíì gbé ẹrù kankan, bó ti wù kí wọ́n wé e dáadáa tó.

Ti bíárìn kò le. Láti mọ ìwọ̀n ihò àárín rẹ̀, nọ́ḿbà méjì ìgbẹ̀yìn lẹ ó fi 5 sọ di púpọ̀ bó bá ti jẹ́ 04 sókè, 6308 jẹ́ 40 mm. Ẹ má fi hámà lu òrùka òde rẹ̀ bí ẹ bá ń tì í sórí ọ̀pá. Gíríìsì tó kún ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì ààyè inú rẹ̀ ti tó. Èyí tó bá kún fọ́fọ́ ń gbóná ni.

Kí ẹ tó so ó padà, ẹ fi megger 500 V (ẹ̀rọ tó ń wò ó bóyá iná ń jò láti kọ́ìlì sára irin mọ́tò) wò ó fún ìṣẹ́jú kan. Èyí tí kò bá tó 5 MΩ (mílíọ̀nù ohm márùn-ún), ẹ má tan án, ẹ gbẹ ẹ́ kí ẹ tún un wò. Lẹ́yìn wákàtí kan tó ti ń gbé ẹrù, ẹ wọn iná wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi máàkà kọ iye wọn àti déètì sí inú ìdérí àpótí rẹ̀, kí ẹni tó bá máa ṣí i lẹ́yìn yín lè rí i.