Ẹ má kọ́kọ́ bèèrè owó: bí a ṣe ń bẹ ìjọ wò nítorí iṣẹ́ àdúgbò

Tí ẹ bá wọ ọ́fíìsì pásítọ̀, tí ẹ ní "a fẹ́ kí ìjọ jáde sí àdúgbò", á ní "Àmín, ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà sí i." Ibẹ̀ ló parí sí. Àmọ́ tí ẹ bá ní, "Bàbá, nọ́ọ̀sì méjì àti ọ̀dọ́ mẹ́fà la ń wá, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí méjìlá ọ̀sán, Sátidé kẹta oṣù kẹfà, láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lójú ọjà," bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló kù tó lè sọ.

Ẹ mú àdúgbò kan n'Íbàdàn, bíi Òkè-Àdó. Ìrìn díẹ̀, ẹ ó bá Áńgílíkà, Onítẹ̀bọmi, C.A.C. (Christ Apostolic Church), Kérúbù, Sẹ̀lẹ́ àti Ìràpadà (Redeemed), ìlànà kálukú sì yàtọ̀. Ní Áńgílíkà, Fíkà (àlùfáà ìjọ) lè fẹ́, ṣùgbọ́n àwọn wọ́dìn (alámòójútó ìjọ) àti ìgbìmọ̀ ìjọ ló mọ̀ nípa owó àti gbọ̀ngàn. Lẹ́tà yín gbọ́dọ̀ ti délẹ̀ kí wọ́n tó jókòó ìpàdé. Ní Onítẹ̀bọmi, ìpàdé gbogbo ìjọ ló ń fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ńlá, nítorí náà ẹ má retí èsì lọ́sẹ̀ kan náà. Ní Ìràpadà, apá púpọ̀ nínú owó tó ń wọlé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sókè, pásítọ̀ kékeré kò sì ní owó púpọ̀ lọ́wọ́. Ẹ tọrọ èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀, á fún yín. Ní C.A.C., ẹ má fo Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere dá. Tí ìyá ẹgbẹ́ bá ti gbà, oúnjẹ àti omi tútù ti yanjú. Ní Sẹ̀lẹ́, ẹ bọ́ bàtà, kí àwọn obìnrin inú yín bo orí, kí ẹni tó bá ń ṣe nǹkan oṣù sì dúró níta.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, nítorí èrò ni yóò yí pásítọ̀ ká. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì dáa jù, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ṣáájú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù kìíní, ààwẹ̀ ni. Oṣù kẹwàá sí kọkànlá, ìkórè ni, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń wá owó. Láti oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ lọ̀rọ̀ máa ń rọrùn, bí ẹ bá ti ní kánópì fún òjò.

Kí ẹ̀yin tó ń lọ rí pásítọ̀ má ju mẹ́ta lọ. Lẹ́tà ojú ewé kan, ẹ̀dà méjì: ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan tí akọ̀wé yóò fọwọ́ sí, kó sì kọ ọjọ́ sí i. Ìṣẹ́jú 20 ti tó.

Ìbẹ̀rù kan wà tí wọn kì í sọ jáde: pé ẹ fẹ́ kó àgùntàn wọn lọ. Ẹ dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó bèèrè. Kí bánà má gbé orúkọ ìjọ kankan. "Àwọn Ìjọ Òkè-Àdó" ti tó. (Ìjà lórí orúkọ ta ni yóò kọ́kọ́ wà lókè kì í tán bọ̀rọ̀.) Ẹ dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, ìyálọ́jà àti lèmọ́mù pẹ̀lú, kí wọ́n mọ̀ pé a kò ní fipá gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ BP (tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru) mẹ́ta, bátìrì àfikún, àga 15. Ẹ̀rọ kan lè yẹ èèyàn bíi mẹ́wàá wò ní wákàtí kan, nítorí náà ẹ ṣètò fún èèyàn 120 ní wákàtí mẹ́rin. Ibi tó ti sábà ń bàjẹ́ nìyí: oníṣòwò sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n wé ẹ̀rọ mọ́ ọn lọ́wọ́ kíá, nọ́ńbà lọ sókè, ẹ̀rù sì bà á. Kó jókòó fún ìṣẹ́jú 5 ná, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú àyà, kó má sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì, kó dúró fún ìṣẹ́jú 30. Apá tó sanra fẹ́ ìwéapá (aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá) ńlá. Kékeré á máa fi nọ́ńbà tó ga ju òótọ́ lọ hàn. Ìgbà méjì ni kí ẹ wò ó, ìṣẹ́jú kan sí méjì láàárín wọn.

Tí nọ́ńbà òkè bá tó 140 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90 nígbà méjèèjì, ẹ fún un ní ìwé lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ẹ ti sọ fún ṣáájú. Tí ti òkè bá tó 180 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 120, ẹ tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Bí kò bá wá sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ. Tí àyà bá ń dùn ún, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ fi ọkọ̀ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má pín oògùn.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà sí ìjọ kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ iye tí a yẹ̀ wò àti iye tó gbàwé lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ọjọ́ tí ẹ ó tún ṣe é. Iye nìkan lẹ ó sọ o. Ìwé tí orúkọ àti nọ́ńbà BP wà nínú rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni kó tọ́jú rẹ̀. Pásítọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gbà á, ì báà jẹ́ pé ó fẹ́ fi wọ́n sínú àdúrà.