Omi tí Asẹ́ Kọ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Èrèlé.

Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀ òní ni mo ti gbọ́ ohùn Ìyá Ìbejì lábẹ́ fèrèsé wa. Inú ọgbà kan náà ni a jọ ń gbé ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn níhìn-ín, wọ́n sì dàgbà jù mí lọ débi pé n kò lè dúró sórí ibùsùn kí n máa dá wọn lóhùn. Nígbà tí mo jáde, mo bá wọn lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, abọ́ aṣọ ìfọ̀ wọn wà nílẹ̀, wọ́n sì ń wo páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ láti ara ògiri wa, tí omi tó mọ́ gaara ń ti ẹnu rẹ̀ dà láìsinmi.

“Bàbá Ṣadé, ẹ kú ojúmọ́. Láti ìgbà tí mo ti jí ni omi yìí ti ń dà. Ṣé páìpù ló bẹ́ ni?”

Mo kí wọn, mo sì sọ fún wọn pé páìpù kò bẹ́, pé omi ìdànù ni, láti inú ẹ̀rọ tó ń bá mi sẹ́ omi ẹja. Wọ́n wo omi náà, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní: “Omi tó mọ́ báyìí ni ẹ ń pè ní ìdànù? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn?”

N kò rí èsì gidi fọ̀. Alẹ́ àná ni a fi ẹ̀rọ amúnáwá fa omi kànga sínú táǹkì, nítorí pé láti Ọjọ́rú ni iná ti lọ, gbogbo wa tí a wà nínú ọgbà ni a sì dá owó epo. Nígbà tí iná wá dé ní ìdájí, ẹja mi ni mo kọ́kọ́ rántí. Mo tan ẹ̀rọ náà ní aago márùn-ún ààbọ̀, mo sì padà lọ sùn. Owó epo Ìyá Ìbejì wà nínú omi tó ń dà sí gọ́tà yẹn. Wọn kò fi ẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú wọn sọ ọ́.

Ó yẹ kí n kọ ìdí tí mo fi ń sẹ́ omi sílẹ̀ níbí, kí ó lè yé èmi fúnra mi dáadáa. Àpótí gíláàsì tí mo ń sin ẹja sí gba omi lítà 200. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja ibẹ̀ ni cardinal tetra, ẹja tíńtìntín tó ní ìlà búlúù àti pupa lára, tó jẹ́ pé agbègbè odò Rio Negro ní ilẹ̀ Brazil wà lára ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Omi ibẹ̀ dúdú bí tíì nítorí ewé igbó tó ń jẹrà sínú rẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èròjà òkúta kankan tó yọ́ sínú rẹ̀. Omi kànga tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ àpáta ni a ti ń fà á, ó sì ti bù lára òkúta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó máa ń fi ìpẹ́ funfun sí ìdí kẹ́tùlù, ọṣẹ kì í sì í tètè hó nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ bíńtín tí mo fi ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi, ìyẹn òǹkà tí wọ́n ń pè ní TDS, fi 310 hàn fún un láàárọ̀ yìí. (Ẹja méjì kan tún wà nínú àpótí náà tí wọ́n ń pè ní kribensis, Pelvicachromis pulcher ni orúkọ ìwé wọn. Ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà ni wọ́n. Síbẹ̀, ẹni tó tà wọ́n fún mi sọ pé òkè òkun ni òun ti kó wọn wọlé, owó tí mo san sì fi hàn bẹ́ẹ̀.)

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ṣòroó ṣàlàyé fún ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì rí. Omi á kọ́kọ́ gba inú asẹ́ òwú kọjá, kí yanrìn àti ìdọ̀tí lè dúró síbẹ̀. Á gba inú èédú kọjá, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi èèpo àgbọn ṣe, tó ń fa òórùn àti chlorine (oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi) mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni yóò wá dé ojú awọ kan tí ihò ara rẹ̀ kéré débi pé omi nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Awọ yẹn gan-an ni asẹ́. Àmọ́ ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ògì àti ọ̀rọ̀ tèmi ti pínyà, ibẹ̀ sì ni omi ìdànù ti ń wá. Obìnrin tó ń sẹ́ ògì á fi ọwọ́ kó èérí kúrò lójú asẹ́, á sì tún bu òmíràn sí i. Kò sí ọwọ́ tó lè wọ inú ẹ̀rọ tèmi láti kó iyọ̀ òkúta kúrò lójú awọ, nítorí náà omi ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ọwọ́: apá kan nínú omi á gba awọ kọjá, apá tó kù á máa ṣàn lójú awọ náà, á máa gbá a mọ́, á sì gba páìpù kejì jáde. Èyí tó gba páìpù kejì jáde ni Ìyá Ìbejì rí.

Ní ọdún tó kọjá, mo gbìyànjú láti fi ọgbọ́n gba omi yẹn padà. Mo rò pé bí mo bá dí páìpù kejì, gbogbo omi á di omi mímọ́, n kò sì ní fi ohunkóhun ṣòfò. Mo fi rọ́bà dì í pinpin. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he. Kí oṣù tó parí, omi tó ń jáde ti di kíkán tó, tó, òǹkà rẹ̀ sì ti kúrò ní 12, ó ti di 70. Ìpẹ́ kan náà tó ń bo ìdí kẹ́tùlù ti bo ojú awọ, n kò sì rí i fọ̀ kúrò. Owó awọ tuntun tí mo rà ju owó gbogbo omi tí mo rò pé mo ti gbà là lọ dáadáa. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé omi kejì gbọ́dọ̀ jáde. Iye tí yóò jáde àti ibi tí yóò dà sí ló wà lọ́wọ́ mi.

Iye yẹn ti dín kù. Táǹkì wa wà lórí òpó tí gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 6, agbára tí irú omi bẹ́ẹ̀ fi ń ti nǹkan kò sì ju bíi bar 0.6 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni bar 3 sí 4 ni irú awọ yìí ń fẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ so ó mọ́ páìpù ilé láìní ìrànlọ́wọ́, lítà 6 ló ń dànù kí n tó rí lítà 1 mú. Mo wá ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ti omi, ó sì di lítà 3 sí lítà 1. Èmi náà sì dín ìwọra mi kù. Tẹ́lẹ̀, omi sísẹ́ pátápátá ni mo ń rò pé ẹja fẹ́, títí mo fi rí i pé omi tí kò ní èròjà kankan nínú kì í lè di ara rẹ̀ mú, pé ó lè kan lójijì kó sì pa ẹja. Nísinsìnyí, bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ lítà 40 lọ́sẹ̀, lítà 30 omi sísẹ́ ni mo máa ń pò mọ́ lítà 10 omi kànga, òǹkà rẹ̀ á sì wà ní nǹkan bíi 87. Lítà 30 yẹn ló bí lítà 90 tó ń dà sí gọ́tà láàárọ̀ òní: garawa mẹ́rin ààbọ̀. N kò kà á ní garawa rí, àfi òní. Lítà 90 kò dún létí bíi garawa mẹ́rin ààbọ̀, pàápàá lójú ẹni tó ń fi orí ru omi.

“Ṣé kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀?” Ìyá Ìbejì bi mí bẹ́ẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé kò sí, pé omi kànga wa náà ni, pé iyọ̀ òkúta tó wà nínú gbogbo omi tó wọlé ló kó ara jọ sínú èyí tó jáde. Mo mú ẹ̀rọ ìwọ̀n mi wá, ó fi 409 hàn. Wọn kò tilẹ̀ wo òǹkà náà. Wọ́n gbé garawa sí ẹnu páìpù, wọ́n dúró títí omi fi dé ìdajì, wọ́n bu díẹ̀ sínú abọ́, wọ́n sì fi ọṣẹ pa ìborùn kan nínú rẹ̀. Wọ́n tún fi omi ẹ̀rọ ìta ṣe bákan náà, wọ́n wá ní: “Èyí le ju ti ẹ̀rọ ìta lọ díẹ̀. Á jẹ ọṣẹ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n aṣọ á mọ́.” Ohun tí òǹkà mi sọ gan-an nìyẹn, wọn kò sì ra bátìrì kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Wọ́n fi garawa méjì fọ aṣọ. Mo gbé èyí tó kù wọlé fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti fún nínu ilẹ̀, ìyàwó mi sì bi mí léèrè ohun tó dé tí mo fi ń pọn omi láàárọ̀. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò dára fún fífọ mọ́tò, nítorí ó máa ń fi àmì funfun sí ara rẹ̀ bó bá gbẹ. Àwọn ewéko inú ìkòkò ni mo ṣọ́ra fún jù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe mú yìí, bí a bá ń bu omi oníyọ̀ rin wọ́n lójoojúmọ́, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù sínú erùpẹ̀, etí ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Ti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ata tó wà lórí ilẹ̀ lẹ́yìn ilé sàn díẹ̀, nítorí pé òjò á dé láti fọ ilẹ̀ wọn.

Omi mìíràn wà tí àwọn ẹ̀fọ́ yẹn fẹ́ràn jù, òun ni mo sì rò pé orúkọ ìdànù tọ́ sí bí a bá fi ojú lásán wò ó: omi àtijọ́ tí mo ń fà jáde láti inú àpótí ẹja. Ó pọ́n, ó ń rùn díẹ̀, ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù wà nínú rẹ̀. Àwọn kòkòrò tí a kò lè fi ojú rí, tó ń gbé inú yanrìn àti nínú asẹ́ àpótí, ti sọ ammonia tó lè pa ẹja di nitrate, ajílẹ̀ gidi sì ni nitrate fún ewébẹ̀. Lítà 40 rẹ̀ ni mo dà sí ìdí tẹ̀tẹ̀ lónìí. Ẹ wá wò ó: èyí tó dọ̀tí ti ní ibùjókòó láti ọjọ́ tó ti pẹ́, èyí tó mọ́ gaara ni mo ń dà sí gọ́tà. Ìgbà tí mo bá fi oògùn tọ́jú ẹja tó ń ṣàìsàn tàbí tí mo fi iyọ̀ sínú àpótí nìkan ni n kì í da omi rẹ̀ sí ìdí ohun tí a máa jẹ.

Odò tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò ni n kò jẹ́ da omi àpótí sí láéláé. Ewéko àti ìgbín kéékèèké máa ń bá a lọ, a sì ti rí ohun tí ewéko ẹwà láti ilẹ̀ òkèèrè lè ṣe: gúúsù Amẹ́ríkà ni ewéko olódòdó àlùkò tó bo ọ̀sà Èkó ti wá, apá Badagry ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ kíyè sí i ní Nàìjíríà ní 1984. Títí di òní ni àwọn apẹja ń bá a wọ̀jà.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo ka díẹ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ irú awọ yìí. Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan ló ṣe èyí tó ṣeé lò ní yunifásítì UCLA ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Coalinga ní California, tí omi kànga rẹ̀ níyọ̀ jù láti mu, sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi sẹ́ omi ìlú ní 1965. Àwọn fi sẹ́ omi tí ènìyàn á mu, èmi ń fi sẹ́ omi fún ẹja ogójì. Mo pa ìwé náà dé.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, Ìyá Ìbejì kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní Táíwò á gbé dúrọ́ọ̀mù àwọn wá sí ìdí ògiri wa lọ́la, kí n kàn máa fi ẹnu páìpù sínú rẹ̀. Wọ́n tún bi mí pé aago mélòó ni ẹ̀rọ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní bí iná bá wà, aago márùn-ún ààbọ̀. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, pé aago mẹ́fà ni àwọn máa ń rẹ aṣọ, garawa kan kò sì tíì ní kún tán nígbà yẹn. Ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni màá jí.